Ọ̀rọ̀ Ìlọrin Tí Ń Ti Jámánì Bọ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní Ọjà-Ọba, nítòsí ààfin Ẹ́míà, ní ọjọ́ Jímọ̀, yóò rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tà níbẹ̀ kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ṣe é. Aṣọ òfì ti ilé ahunṣọ wá, ìkòkò ti Òkèlélé wá, iṣu ti oko wá. Bí ó bá ṣe pé olúkúlùkù ẹni tí ó fẹ́ ìkòkò kan ní láti rìn dé ilé amọ̀kòkò, ọ̀pọ̀ ni ìbá jókòó sílé láìní ìkòkò. Alárọ̀bọ̀ ni ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, tí ó sì ń gbé e sí ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀ràn tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá kò jìnnà sí i.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ẹgbẹ́ ní ojúlé kan lórí ìtàkùn àgbáyé. Ibẹ̀ ni a kó ìtàn agboolé sí, àti àwòrán àwọn ahunṣọ, àti ohùn àwọn àgbà tí wọ́n mọ dàdàkúàdà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a háyà fún un wà ní ilẹ̀ Jámánì, nítorí pé ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ti rọ̀ wá lọ́rùn. Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìlọrin níhìn-ín bá fẹ́ ka ìtàn Ìlọrin, ìbéèrè rẹ̀ yóò lọ sí Èkó, yóò wọ inú òkun, yóò gba inú okùn tí ó gùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà dé Yúróòpù, ìdáhùn yóò sì gba ọ̀nà náà padà. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ojú-ewé kan a máa lọ, a máa bọ̀, nígbà púpọ̀ kí ó tó pé lójú fóònù. Ojú tì mí nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti alárọ̀bọ̀ gan-an lórí ìtàkùn yìí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ìlú púpọ̀ káàkiri ayé. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá béèrè ojú-ewé kan, wọn a bá a mú un wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn a sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni kejì àti ẹni ọgọ́rùn-ún yóò rí i gbà nítòsí. Akamai, tí àwọn ọ̀mọ̀wé MIT ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1998, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi í ṣòwò, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó sì ń bá ṣe é. Ní 2010 ni Cloudflare ṣí ìlẹ̀kùn tirẹ̀, tí ó sì fi ìpele kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó ní ojúlé. Ẹ̀rọ wọn wà ní ìlú tí ó ju 300 lọ. Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Bàbá wa kan, ìjòyè tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, béèrè ní ìpàdé pé kí ni olówó ń wá nílé tálákà tí ó fi ń bá a ru ẹrù láìgba owó. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí àwa tí a mọ ìwé fi rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n ń rí nǹkan gbà. Bí àwọn jàgùdà bá kọlu ojúlé kékeré kan, wọn a kọ́ ọgbọ́n tí wọn yóò fi dáàbò bo àwọn tí ń san owó. Ẹni tí ó bá sì gbòòrò lọ́wọ́ wọn lè di oníbàárà lọ́la. Òwò ni wọ́n ń ṣe, wọn kò ta wá lọ́rẹ. Èmi kò rí àbùkù nínú èyí, bí a bá ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó mú mi dúró gbọn-in lẹ́yìn ìmọ̀ràn náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 14 March 2024. Ní ọjọ́ náà, okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí etíkun Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ilé ìfowópamọ́ dákẹ́, fóònù ń yí lásán, láti Ghana dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà ní Èkó kò ní láti kọjá òkun kí ó tó dé Ìlọrin. Láti 2006 ni ibùdó IXPN ti wà, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa ti ń pàdé ara wọn láìgba Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ẹni tí ó ń pariwo òmìnira àṣà, tí ìtàn baba rẹ̀ sì ń ti Jámánì wọlé lójoojúmọ́, kí ó ro èyí dáadáa.

Síbẹ̀, èmi kò sọ pé kí a kó gbogbo ẹrù wa fún wọn. Ohun tí ó bá gba ọwọ́ alárọ̀bọ̀ yìí kọjá, ó lè tú u wò. Nítorí náà, ìwé orúkọ àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀. Wọn kì í sì í fẹ́ kí a fi ìpele ọ̀fẹ́ gbé fídíò. Àwọn tí ń retí pé a ó fi gbogbo ayẹyẹ Durbar hàn láti orí rẹ̀ láìná kọ́bọ̀, ẹ má ṣe dá ara yín láàmú. Alárọ̀bọ̀ pàápàá a sì máa ṣàìsàn. Ní 18 November 2025, fáìlì kan ṣoṣo tí ó tóbi ju bí ó ti yẹ lọ ni ó dá ẹ̀rọ Cloudflare dúró fún wákàtí mélòó kan, X àti ChatGPT sì bá a dákẹ́. Ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn ju ẹ̀dà ọwọ́ wọn lọ kò ní nǹkan kan ní ọjọ́ náà.

Ibi tí ó dùn mí jù kò sì kan àwọn àjèjì rárá. Ẹ rántí pé ọmọ wa kan ni ó fi orúkọ ara rẹ̀ ra orúkọ ojúlé wa. Nígbà tí ó ré kọjá sí òkè-òkun, kò san owó ọdún mọ́, fún oṣù mẹ́ta gbáko kò sì sí ẹni tí ó lè ṣí ojúlé Ẹgbẹ́. Kò sí alárọ̀bọ̀ tí ó lè gba ìyẹn là. Orúkọ tí ó parí sí .ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó ní ilẹ̀ wa, ni mo fẹ́ kí a rà, ní orúkọ Ẹgbẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti akápò pọ̀.

Bí ẹ̀yin àgbà bá fọwọ́ sí i ní ìpàdé tí ń bọ̀, a lè gba ọ̀fẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, mo bẹ akọ̀wé wa kí ó ra díìsìkì méjì, kí ó da gbogbo ohun tí ó wà ní Jámánì sínú wọn, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí èkejì sì wà nílé ọ̀kan nínú ẹ̀yin ìjòyè. Mo ti fi owó díìsìkì kan ránṣẹ́ sí akápò.