Ẹ Má Tìtorí JAMB Ti Pọ́ńdì Ọmọ Yín Pa

Ọ̀rọ̀ tòní lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n a ò ní í ṣàì sọ ọ́.

Ní Ìjànìkin níbí, a mọ bàbá kan tó ta ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa omi sí pọ́ńdì. Owó lẹ́ẹ̀sìn JAMB ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló fi ṣe. Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹyin ẹja àrọ̀ di ọmọ ẹja, àwọn oníbàárà sì ń ti Àgbárá wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní ojú ń ti òun tí wọ́n bá bi òun pé kí lọmọ òun ń ṣe. Ojú kí ló ń tì yín, bàbá? Ṣé ó jalè ni?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Abo ẹja àrọ̀ kílò kan lè yọ ẹyin bíi 100 gíráàmù, gíráàmù kan sì ń lọ bíi ẹyin 600. Ká ní èyí tó pọ̀ jù bàjẹ́, tó wá ku ọmọ 10,000 péré. Tó bá jèrè náírà 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn owó oúnjẹ àti epo, 100,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, 70,000 ni.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ aláìmọ̀wé ni. Ẹ wá ṣe é wò! Ẹ máa wọn ìyá ẹja kẹ́ ẹ tó mọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa gún un. Tẹ́ ẹ bá tètè fún un, ẹyin ò tíì gbó. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ jù, ó ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá dọmọ tán, àwọn tó yára dàgbà á máa gbé àwọn àbúrò wọn mì, àfi kẹ́ ẹ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ̀ nìyẹn, kò sóhun méjì.

Ẹ sọdá Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ dé Àjàṣẹ́. Fada Godfrey Nzamujo tó dá Songhai sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1985, ọ̀mọ̀wé ni, ó ti kọ́ni ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà rí. Oko àti ẹja ló wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́.

A ò bú ìwé o, ìwé làwa náà fi ń jẹun. LASUED tó di yunifásítì ní 2022 wà lójúde wa níbí. Tó bá wu ọmọ náà, kó lọ, kó máa ti kíláàsì wá wo ẹja rẹ̀. A ò sì ní í parọ́ fún yín: oúnjẹ ẹja ti wọ́n, iná ò ṣeé gbọ́kàn lé, àṣìṣe alẹ́ ọjọ́ kan sì lè pa gbogbo ọmọ ẹja. Ìyẹn gan-an ni ò ṣe yẹ kẹ́ ẹ ta ẹ̀rọ yẹn.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹni tó rà á hàn wá. A máa bá yín bẹ̀ ẹ́ kó tà á padà.