Wọ́n ní ọmọ ti ń ṣe Yàhúù, àṣé gángan ló ń lù nínú kọ̀ǹpútà!

Mo ṣèlérí fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé tó ń fowó kún owó ilé la máa sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tójú mi rí nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gba ẹnu mi.

Aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Àìkú ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi, kò béèrè àwọn ọmọ. "Bàbá Ìbejì, máa bọ̀ nílé mi báyìí báyìí. Ọmọ yìí ti ń ṣe Yàhúù!" Mo ní ọmọ wo? Ó ní ọmọ mélòó lòun bí tó ń lo kọ̀ǹpútà? Ó ní láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lọmọ náà ò ti sùn, pé ó tilẹ̀kùn mọ́rí, òun sì ń gbọ́ ọ tó ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ lóru, tó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ Yàhúù ṣe rí nílùú yìí. Ìyá tó bá gbọ́ pé ọmọ òun ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ láàárín òru, àwọn EFCC ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ti ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ tún le ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá tó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká yẹn, kọ́mọ lè fi kàwé, kò sì tíì san án tán. Ká fi owó ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kó wá jẹ́ ọlọ́pàá ló máa gbé e lọ! Mo wọkọ̀, mo to gbogbo ọ̀rọ̀ ìbáwí sẹ́nu, mo forí lé ọ̀hún.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni gángan. Gángan kẹ̀, nínú kọ̀ǹpútà! Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá." Ojú ẹ̀ ti pọ́n koko. Mo ní kí ló ń ṣe láti ọjọ́ Ẹtì? Ó ní, "Géèmù ni, sà." Inú bí mi. Mo ní géèmù lo wá ń gbá látàná tí ìyá ẹ ò fi lè sùn? Ó ní, "Rárá, sà. Mi ò gbá a o. Mò ń kọ́ ọ ni, bí ẹni ń kọ́lé."

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó là mí lóye, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín náà ò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n ń pè é ní game jam. Ọwọ́ àwọn olórin ni wọ́n ti yá orúkọ yẹn. Bí àwọn olórin bá pàdé, tí wọn ò ṣe ìfidánrawò kankan, tí onígìtá kàn bẹ̀rẹ̀, tí onílù tẹ̀ lé e, tí kálukú ń wá ibi tó máa gbà wọlé, jam nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe géèmù wá ní àwọn náà á máa ṣe irú ẹ̀. Lọ́dún 2002, àwọn kan kóra jọ nílùú Oakland ní Amẹ́ríkà láti ṣe é lójúkojú. Lọ́dún yẹn kan náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Geoff Howland dá tiẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Ludum Dare. Èdè Látìn ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni kéèyàn fúnni ní eré. Ibi yòówù kéèyàn wà láyé, ó lè bá wọn ṣe é.

Ní ti Ludum Dare, àwọn olùkópa fúnra wọn ló ń dìbò yan àkòrí tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Tí àkòrí bá ti jáde, aago ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dá ṣe é ní wákàtí 48, òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ẹ̀, kó kọ orin ẹ̀, kó ṣe gbogbo ẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Àwọn tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ ní wákàtí 72. Èyí tí ọmọ wa ń ṣe kéré sí ìyẹn, àwọn ọ̀rẹ́ tó mọra lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e kalẹ̀, wọ́n ní kí kálukú ṣe géèmù tó bá ti jẹ mọ́ orin. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé ni yóò parí. Àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ lóru nìyẹn. Ọ̀kan ń ṣe ti dùùrù, òmíràn ń ṣe ti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń kọrin lódò.

Mo ní, ó dáa, èló ni wọ́n máa fún ẹni tó bá gbégbá orókè? Ó wojú mi, ó ní, "Kò sówó ńbẹ̀, sà."

Kò sówó kẹ̀? Oorun òru ọjọ́ mẹ́ta, epo jẹnẹrétọ̀, détà, kò sówó? Kí lẹ wá ń gbà? Ó ní tí àsìkò bá pé, kálukú á gbá géèmù àwọn yòókù, á sì kọ̀wé sí wọn nípa ibi tó dùn àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ó ní Ludum Dare alára, pẹ̀lú bó ṣe gbajúmọ̀ tó, kì í fún èèyàn ní ẹ̀bùn kankan. Ohun téèyàn bá ṣe parí lẹ̀bùn ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn ò kọ́kọ́ wọ̀ mí létí.

Ó jọ pé ó rí i lójú mi, ló bá sọ ìtàn Friday Night Funkin' fún mi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí Ludum Dare pé ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínláàádọ́ta, àkòrí tí ìbò gbé jáde ni kéèyàn há sójú kan, kó máa yí po. Àwọn mẹ́rin kan tí wọ́n ń fi orúkọ ìnagijẹ ṣiṣẹ́ kóra jọ. Ninjamuffin99 ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, PhantomArcade àti evilsk8r ń ya àwòrán, Kawai Sprite ń ṣe orin. Géèmù tí wọ́n ṣe kò le rárá. Ọmọkùnrin kan ń fẹ́ ọmọbìnrin kan, bàbá ọmọbìnrin tó ti fìgbà kan jẹ́ olórin wá fárígá, àfi kí ọmọkùnrin náà kọrin borí òun. Ọfà mẹ́rin ní ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà, apá òsì, ìsàlẹ̀, òkè, apá ọ̀tún, kéèyàn ṣáà tẹ̀ ẹ́ lásìkò.

Eré ọjọ́ mélòó kan ni o. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n gbé apá tuntun jáde lórí ìkànnì Newgrounds, èrò pọ̀ débi pé ìkànnì náà dá kú. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ní kí ará ìlú dáwó fáwọn láti fi ṣe odidi ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta dọ́là ni wọ́n béèrè. Ohun tó wọlé lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Mo dìde dúró. Mo ní mílíọ̀nù mélòó? Mo ní ọmọ mi, jókòó sídìí iṣẹ́ ẹ, mo ń lọ ra epo jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ náà kàn mi orí ni. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀." Ó ní látìgbà tí wọ́n ti gbowó náà ni gbèsè ti wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀rín-tẹ̀rín ní ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó dáwó wá ń béèrè pé ìgbà wo, ìgbà wo. Ọdún 2024 dé, ó lọ, odidi géèmù náà ò tíì jáde. Èmi ò dá wọn lẹ́bi, ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé bùkátà àti ilé ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ yìí lójú inú jù mí lọ. Ó ní ti ẹgbẹ́ àwọn dùn nítorí pé ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ wá wò ó, èmi tí mo wá bá a wí!

Ó wá ṣí tiẹ̀ hàn mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé irú géèmù orin báyìí ti pẹ́. Lọ́dún 1996, ará Japan kan tó ń jẹ́ Masaya Matsuura gbé PaRappa the Rapper jáde. Olùkọ́ á kọ́kọ́ kọrin, ajá kékeré kan á dá a lóhùn, ẹni tó ń gbá géèmù ló máa tẹ bọ́tìnnì kí ajá náà tó lè dáhùn. Kín nìyẹn bí kì í bá ṣe lílé àti ègbè? Ohun tí ọmọ wa náà ṣe nìyẹn, àmọ́ gángan ló ń lé.

Ó ní òun rí bàbá onígángan kan níkòríta, òun fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, òun ní kó lu ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín, àti tòkè, òun fi fóònù gbà á sílẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́ta, dò, re, mí. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú àwòrán. Gángan á ní, "Ọkọ mi dé." Ìwọ á gbè é. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ re, ọkùnrin kan á wọlé. Tó o bá fi ìsàlẹ̀ tẹ ìkejì, ọkọ̀ ló máa wọlé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri. Tó o bá fi òkè tẹ̀ ẹ́, ọkọ́ ló máa wọlé, tòun ti erùpẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó gbé e wá. Èmi tí wọ́n ń fi gángan kì lóde! Ọkọ́ wọlé. Mo tún un ṣe, ọkọ́ tún wọlé. Ìkẹta, mọ́tò. Ọmọ náà ní kí n má bínú, pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é, òyìnbó tí ò gbọ́ Yorùbá kankan, ti jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóru, ọkọ́ ló kún ilé ẹ̀, ọkọ kankan ò yọjú. Ẹ̀rín tí ìyá ẹ̀ gbọ́ nìyẹn o.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ kọ́ ni ẹ̀bi mi. Ó ní ohun tó ń já òun láyà jù nínú géèmù orin ni àsìkò. Ojú kọ̀ǹpútà lè máa ya àwòrán tuntun ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá rẹ ẹ̀rọ, á fo àwòrán díẹ̀, ojú èèyàn ò ní mọ̀. Orin ò dà bẹ́ẹ̀, orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó o bá ń ka àwòrán láti mọ ibi tí orin dé, orin á fi ọ́ sílẹ̀. Orin fúnra ẹ̀ lo gbọ́dọ̀ máa bi pé ibo lo dé. Èyí tó tún burú ni ìárfóònù Bluetooth tí ò ní wáyà, irú èyí tó wà létí mi. Bí ìlù bá ń dún ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín ìró kan sí èkejì. Kí ìárfóònù fi ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ẹ̀ ń gbè, ẹ sì ti jìnnà sí lílé. Ló bá fi ibì kan síwájú eré, tí wọ́n á ti ní kéèyàn máa tẹ bọ́tìnnì bí ìlù bá ṣe ń dún, kọ̀ǹpútà á wo bó ṣe ń pẹ́ tó, á yọ ọ́ kúrò. Mo ṣe ìyẹn tán kí ọkọ tó wọlé fún mi.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe já wọlé. "Bàbá Ìbejì, ìbáwí rèé?" Mo ní Àǹtí mi, kì í ṣe Yàhúù, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó. Kò fẹ́ jókòó. Nígbà tó jókòó, ìka kan péré ló fi tẹ̀ ẹ́. Ọkọ wọlé! Ó tún un ṣe, ọkọ tún wọlé. Obìnrin tó ti gbè fún ẹgbẹ́ olórin nígbà ọmọge, ta ló fẹ́ fi ìlù dán an wò?

A rò pé á rẹ́rìn-ín. Ló bá dijú. Ó ní, "Irú ìyàwó wo nìyí? Ọkọ ẹ̀ wọlé, kò kí i káàbọ̀."

Ọmọ náà ní kíá, òun á fi "Ẹ káàbọ̀" sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dún bí ìkíni. Ṣé ẹ rí i, inú "káà" yẹn, ohùn lọ sókè, ó sì yọ̀ wálẹ̀. Onígángan á kàn fún ọsán ìlù mọ́ra, á tú u sílẹ̀, ó ti yọ̀ nìyẹn. Bọ́tìnnì ò mọ yíyọ̀. Àwọn méjèèjì wá ń jiyàn, ìyá ń fi ẹnu lu gángan, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́, ìyá ń ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi jókòó bí àlejò. Ìgbẹ̀yìn ni ọmọ sọ pé bóyá kéèyàn tẹ tòkè mọ́lẹ̀ pinpin, kí ohùn máa yọ̀ wálẹ̀ nígbà téèyàn bá tú u sílẹ̀. Ó tún lọ bá bàbá onígángan níkòríta lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹgbẹ̀rún kan míì.

Ogójì ìṣẹ́jú ló kù kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé lù nígbà tó fi ránṣẹ́, iná sì ti lọ nígbà yẹn, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ń kọ̀wé sí i báyìí. Ẹnì kan ní àwòrán ẹ̀ ò dáa tó, òótọ́ sì ni. Ẹnì kan béèrè pé ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń ṣe báyìí ni. Òun náà ti gbá ti àwọn yòókù, ó ní ti ọ̀pọ̀lọ́ yẹn dùn ju tòun lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé òun gba tiẹ̀ o. Nígbà tí mo pè é, ohun tó sọ ni pé owó alájẹṣẹ́kù ku oṣù mẹ́rin, ìwé lòun sì fẹ́ máa bá lọ́wọ́ ọmọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Mo gbọ́ gángan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí fóònù. Mo ní ta ló ń lù yẹn? Ó ní òun ni, òun ń wò ó bóyá ọmọ ti tún "káà" yẹn ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.