Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Àwọn Onífíìmù Wa

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí yóò dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwáwí kan kúrò lọ́nà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ṣe kò ní ẹjọ́ láti rò, àánú ló yẹ kó ṣe wá. Àwọn tí mo mú wá síwájú yín yìí ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979. Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Ní 1999, Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún wa ní Ṣaworoidẹ, fíìmù tí ọmọdé ń wò nítorí ìlù, tí àgbà ń wò nítorí òṣèlú. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ báwọ̀nyí, kò sí olùjẹ́jọ́ tó lè sọ pé òun kò rí àwòkọ́ṣe.

Olùjẹ́jọ́ ni ẹni tó kó owó sílẹ̀, ẹni tó darí, ẹni tó kọ ìtàn (bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́), àti ẹni tó gbé e sórí YouTube. Èmi kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Riviera Palmeraie ni mo ń gbé, ní Abidjan. Bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, mo máa ń wo fíìmù bíi ti gbogbo ayé. Anàgó ni wọ́n ń pè wá níbí. Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ni púpọ̀ nínú wa ti wá. Treichville àti Adjamé ni àwọn bàbá ti ta ọjà kí àwọn ọmọ wọn tó ráyè kó wá sí Riviera. Ọmọ tí a bí síbí ń fi Faransé kàwé, ó ń fi nouchi, èdè ìgboro Abidjan, bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Yorùbá tó ń gbọ́ tí kì í ṣe láti ẹnu ìyá rẹ̀, inú fíìmù ló ti ń gbọ́ ọ. Ilé tí kò dé rí, fíìmù ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń ka ẹ̀sùn, torí òun ló sọ àṣìṣe kéékèèké di ọ̀ràn.

Ẹ̀sùn kìíní ni olè: wọ́n jí àkókò wa. Jíìpù dé ẹnu géètì, ó fun fèrè. Máígádì jáde, ó wò, ó padà lọ mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí apá kan, ó ṣí apá kejì. Jíìpù wọlé. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rántí àpò rẹ̀, ó tún un ṣí. Ìyàwó kí i káàbọ̀, ó gba àpò, ó bi í bóyá omi ni yóò kọ́kọ́ mu àbí kí òun gbé oúnjẹ wá. Gbogbo èyí ni kámẹ́rà dúró tì tọkàntọkàn, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ìtàn yóò padà wá béèrè. Láyé kásẹ́ẹ̀tì àti síídì, wọ́n ń fa ìtàn gùn kó lè di apá kìíní àti apá kejì, kí a lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Lóde òní, ìpolówó ni. Láti 2020 ni YouTube ti ń gbà kí ìpolówó bọ́ sí àárín fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú 8. Bí fídíò bá ṣe ń gùn sí i ni àyè ìpolówó ń pọ̀ sí i. Máígádì yẹn kò ṣí géètì fún ọ̀gá rẹ̀ rárá. Ìpolówó ló ṣí i fún, àwa tí a ń ra dátà la sì ń san owó oṣù rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì, orin. Ìyá àti ọmọ ń sọ àṣírí tó gbé gbogbo ìtàn dúró, dùùrù ń pariwo lé wọn lórí bí ẹni tí wọ́n háyà kí a má baà gbọ́. Orin tó ń sọ ìtàn ṣáájú ìtàn tún burú ju ìyẹn lọ: obìnrin ṣì ń bu májèlé sínú ọbẹ̀, akọrin ti ń kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ yóò dalẹ̀, ọkọ yóò kú, Ọlọ́run yóò sì gbẹ̀san. Kí la wá tún jókòó ń wò? Ẹ wo Ṣaworoidẹ. Lápitẹ́ gorí ìtẹ́ Jogbo láìṣe ètùtù tó so ọba pọ̀ mọ́ ìlù, a sì ti mọ̀ pé bí wọ́n bá lu ìlù náà nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, ikú ni. A mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ọkàn wa kò balẹ̀ títí ìlù fi dún. Nínú fíìmù Kèlání, bí ìlù bá dún, orí á fọ́ ọba. Nínú ti àwọn wọ̀nyí, orí àwa tí a ń wò ó ló ń fọ́.

Ẹ̀sùn kẹta kò ní gbà wá lákòókò: àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Lẹ́tà funfun lórí léèsì funfun. Gẹ̀ẹ́sì tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò mọ̀ rí. Ó yọ, ó ti lọ. Ti Faransé kì í sábà sí, bẹ́ẹ̀ Cotonou, Lomé àti Abidjan kún fún àwọn tí ì bá máa kà á. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fún ẹnì kan tó mọ̀wé, wọn kò sì wá ẹni náà. Ìmẹ́lẹ́ pọ́ńbélé.

Ẹ̀sùn kẹrin wúwo, kí n sì tó kà á, ẹ jẹ́ kí n fún ẹni tó yẹ ní ohun tó tọ́ sí i. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan gbé Aníkúlápó jáde lórí Netflix ní òpin Oṣù Kẹsàn-án 2022, mo jókòó tì í, n kò dìde. Sàró ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, olorì tó yófẹ̀ẹ́ fún un, ẹyẹ àkàlà tó jí i dìde nínú ikú: ìtàn tó ní egungun nínú ni. Jagun Jagun dé ní 2023, House of Ga'a àti Lísàbí tẹ̀lé e ní 2024, wọ́n náwó, ó sì hàn lára ẹṣin àti ọmọ ogun. N kò bá ẹni tó náwó ṣẹjọ́. Àwọn tó sáré wọ ẹ̀yìn wọn ni mo mú wá. Kété tí ọjà náà ti tà, gbogbo ẹni tó bá ti rí ògiri amọ̀ kan lẹ́yìnkùlé di ará Ọ̀yọ́ àtijọ́. Olorì tó yẹ kó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn lẹ irun ìpéǹpéjú, èékánná rẹ̀ gùn, ó pupa, ó ń dán. Jagunjagun ń pariwo ọfọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, iná tí kọ̀ǹpútà yà sì ń yọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ń dẹ́rù bani ju iná lọ. Baṣọ̀run Gáà kò yọ iná lọ́wọ́ kó tó mú kí ọba tó ju ẹyọ kan lọ ṣígbá wò. Òfin ló dì mú, òfin tó fún àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ afọbajẹ tí òun jẹ́ olórí wọn, láṣẹ láti kọ ọba. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, sùúrù àti àdéhùn ìkọ̀kọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta nínú yàrá kan, ìbẹ̀rù nínú ojú wọn, ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ sọ sókè: èló ni kámẹ́rà fẹ́ gbà láti ya ìyẹn? Ọ̀fẹ́ ni a fún wọn ní ìtàn. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n lọ ra iná.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni ìbanilórúkọjẹ́, ẹni tí wọ́n sì bà lórúkọ jẹ́ ni bàbá tiwọn fúnra wọn. Ẹ mọ babaláwo inú fíìmù: aṣọ pupa, ẹfun yí ojú ká, agbárí òkú níwájú, ẹ̀rín bíi ti wèrè. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ odù Ifá sórí, tí ìlú ń lọ bá kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, òun ni wọ́n sọ di ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa bá ọmọdékùnrin wá owó òjijì. Lápá ìparí, wòlíì kan tí a kò rí láti ìbẹ̀rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú agogo, á gbàdúrà ìṣẹ́jú méjì, gbogbo ohun tí ìtàn dì á sì tú. Ògúndé tí àwọn kan ń pè ní ará àtijọ́ ní ọgbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú Ayé, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, aṣègùn tó dìde sí àwọn àjẹ́ kí ìlú lè ní àlàáfíà. Ibi wà nínú fíìmù náà, ire sì wà níbẹ̀, inú àṣà kan náà ni méjèèjì ti wá. Lẹ́yìn náà ẹ wo Gangs of Lagos, tó jáde lórí Prime Video ní Oṣù Kẹrin 2023. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ṣe é, èyí gan-an ló sì mú kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi: agbádá funfun Èyọ̀ Adámú Òrìṣà ni wọ́n gbé wọ àwọn apànìyàn. Àwọn ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó fárígá, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ẹ má sì rò pé Èkó ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Ìkànnì kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Nollywood TV, tí wọ́n ń gbé fíìmù Nàìjíríà jáde níbẹ̀ ní èdè Faransé. Ní 2019 ni Canal+, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Faransé, sì ra ROK, ilé iṣẹ́ fíìmù Nàìjíríà, lọ́wọ́ iROKO, fíìmù, ìkànnì àti gbogbo rẹ̀. Nítorí náà aládùúgbò mi ní Palmeraie, tí kò mọ ọ̀nà Ìbàdàn, mọ agbárí inú igbá dáadáa. Ọmọ Anàgó tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ aládùúgbò náà ní kíláàsì ni yóò dáhùn fún agbárí yẹn. Ẹnì kan ní Èkó fi orúkọ ìdílé wa ra oúnjẹ, ọmọ wa ní Riviera ló ń san gbèsè.

Ẹ̀sùn kẹfà: obìnrin. Ìyá ọkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkà, ìyálé gbọ́dọ̀ jẹ́ àjẹ́, àgàn gbọ́dọ̀ sunkún, ọ̀rẹ́ ìyàwó gbọ́dọ̀ gba ọkọ. Ọkùnrin tó fa gbogbo wàhálà náà á jókòó sórí àga tìmùtìmù, á ní òun kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì dárí jì í. Henri Duparc, onífíìmù Côte d'Ivoire, fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan náà nínú Bal poussière ní 1988. Ọlọ́rọ̀ abúlé kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Demi-Dieu ní ìyàwó márùn-ún, ó fẹ́ ẹ̀kẹfà kí iye wọn lè kárí ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé, kí ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ẹ̀bùn fún èyí tó bá hùwà dáadáa jù. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ta là ń rín? Ọkùnrin náà ni. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní orí tirẹ̀, Bínta tí í ṣe ìyàwó kékeré sì ní orí ju ọkọ lọ. Àwọn onífíìmù wa rí ilé olórogún láti kékeré, wọ́n mọ ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ àti ọgbẹ́ inú rẹ̀. Májèlé nìkan ni wọ́n rántí.

Mo gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò wọn fẹ́ sọ. Kò sí owó. Àwọn olè ń jí iṣẹ́ wọn. Olè wà lóòótọ́. Wọ́n jí Ọ̀run Móoru mọ́ Bàbá Sàlá lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di alágbe. Ṣùgbọ́n olè ń da fíìmù kọ ni, kì í bá wọn kọ ìtàn rẹ̀. Ní ti owó, A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní Oṣù Kejìlá 2023 pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá Nàìjíríà, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò wà tó fẹ́ sanwó. Bí wọ́n bá sì ní ìyẹn jẹ́ ti ẹni tó ti lówó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ré kọjá ààlà wá sọ́dọ̀ wa ní Abidjan, kí wọ́n wo La Nuit des rois tí Philippe Lacôte ṣe ní 2020. Ọgbà ẹ̀wọ̀n MACA ní Yopougon, òru ọjọ́ kan. Ọ̀gá àwọn ẹlẹ́wọ̀n fi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jẹ oyè Roman, ó ní kó máa sọ ìtàn fún gbogbo wọn lábẹ́ òṣùpá pupa. Kò pẹ́ tó fi yé ọmọ náà pé bí ìtàn òun bá tán kí ilẹ̀ tó mọ́, òun náà tán. Ẹnu kan, àgbàlá kan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń fi ara wọn ṣe ohun tó ń sọ. Mi ò mí kanlẹ̀ títí ó fi parí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn tó kẹ́yìn wà, òun ló bí gbogbo ìyókù. Roman bẹ̀rù àwọn tó ń gbọ́ ọ. Àwọn tiwa kò bẹ̀rù wa. Wọ́n ti ṣírò wa: ẹni tí àárò ilé ń sọ, tí etí rẹ̀ ń wá Yorùbá lálẹ́, yóò wo ohunkóhun. Wọ́n mọ̀ pé ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ "ẹ kú ilé" kò ní pa fíìmù nítorí dùùrù. Wọ́n fi ìfẹ́ wa ṣe ògo, wọ́n fi sùúrù wa ṣe owó, wọn kò sì fi iṣẹ́ kankan san án padà. Ìwọ̀sí ni, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Mi ò béèrè ikú, mi ò béèrè owó ìtanràn. Kí ẹ ti gbogbo wọn mọ́ yàrá kan, kí ẹ gbé fíìmù tí àwọn fúnra wọn ṣe kalẹ̀ níwájú wọn, láti apá kìíní dé apá kẹrin, kí máígádì ṣí géètì náà títí, kí ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà fo ìpolówó kan ṣoṣo.