Àgbá ńlá nìkan kò tó

Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu yín tí ó sì ń sá lọ, ẹ kò ní sọ òkò sí ibi tí ó wà. Iwájú rẹ̀ ni ẹ ó sọ ọ́ sí. Ọ̀ràn yìí gan-an ni ó da àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì láàmú ṣáájú ogun 1914.

Ní ọdún 1900, oníṣòwò kan tí à ń pè ní Arthur Pollen, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Linotype tí ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wo bí ọkọ̀ ogun ti ń yin àgbá ní Malta. Yáàdì bí 1,400 péré ni! Bẹ́ẹ̀ ni àgbá ọkọ̀ tí wọ́n gbé gun orí ilẹ̀ ní Ladysmith, ní Gúúsù Áfíríkà, ń jà ní ọ̀nà tí ó ju ibùsọ̀ mẹ́rin lọ. Kí ló fà á? Ilẹ̀ kì í mì. Lójú òkun, ọkọ̀ tìrẹ ń fì, ó ń rìn. Ti ọ̀tá náà ń rìn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbé ìṣirò yìí fún àwọn ọmọ. Ọkọ̀ tí ń sá eré 25 nọ́ọ̀tì ń rin ẹsẹ̀ bàtà 42 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọta bá wà lófuurufú fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ọkọ̀ náà ti kúrò ní ààyè rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 840, èyí tí ó ju gígùn ọkọ̀ ogun ńlá ìgbà náà lọ.

Pollen ṣe aago kan, Argo. A ó fún un ní eré àti ipa ọ̀nà ọkọ̀ méjèèjì, àti bí ọ̀tá ti jìnnà tó. Aago náà yóò máa ṣírò lọ fúnra rẹ̀, bí èéfín tilẹ̀ bo ọ̀tá mọ́lẹ̀. Percy Scott ní tirẹ̀ ní kí ẹnìkan ṣoṣo, lókè réré, máa yin gbogbo àgbá pọ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 1912, Thunderer tí ó lò ó bá àmì ní ìlọ́po mẹ́fà ju Orion lọ.

Aago Pollen kò rí ojú rere bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni ìjọba rà. Ẹ̀rọ Frederic Dreyer, tí í ṣe ọmọ-ogun bíi tiwọn, ni wọ́n yàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Queen Mary wà nínú ìwọ̀nba tí ó ní Argo. Ní Jutland, 31 May 1916, ọta Jámánì dáná sí ẹ̀tù rẹ̀, ó bú gbàmù, ó sì rì pẹ̀lú ènìyàn tí ó ju 1,200 lọ. Nítorí náà èmi kò lè bá àwọn tí ń sọ pé aago Pollen ì bá gba gbogbo wọn là sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ní 1925, ìgbìmọ̀ ìjọba rí i pé ọgbọ́n Pollen wà nínú ẹ̀rọ Dreyer, wọ́n sì fún un ní £30,000. Ọdún 25 lẹ́yìn Malta! Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé owó náà tó?