Owó Wa Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjòyè. Ọ̀rọ̀ kírẹ́dì fóònù ni.

Ta ló wà ní Lomé tí kì í ra kírẹ́dì? Ìyá tó ń ta gàrí ní Assigamé ń rà á. Onízémíjàn tó dúró ní Dékon ń rà á. Arúgbó tó jókòó sílé ní Anagokomé, ọmọ rẹ̀ ń rà á fún un. Gbogbo wa là ń rà á, gbogbo wa là ń ráhùn. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi la ti ń ráhùn. A kì í ráhùn níbi tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yóò ti gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò mi pè mí láti Kámbólé. Ó ní ara ìyá wa kò yá. Kí n tó bi í pé kí ló ń ṣe é, ìlà já. Mo sáré lọ sí kíósì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ra kírẹ́dì 200 fránkì. Mo pe àbúrò mi. Mo sọ gbólóhùn méjì, ìlà tún já. Ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé. Mo gbé fóònù fún ọmọ aládùúgbò mi pé kó bá mi gbọ́ ọ. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kírẹ́dì yín ti tán."

Báwo ni 200 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ṣe tán? Ọmọ náà wo inú fóònù mi. Ó rí àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rin. Faransé ni gbogbo wọn. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé mo ti forúkọ sílẹ̀ fún orin kan, pé wọn yóò máa yọ owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí 200 mi ṣe wọlé ni wọ́n yọ 150 nínú rẹ̀.

Èmi kò bẹ̀ wọ́n ní orin. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ wọn a máa ṣàdédé yọ sójú fóònù, èmi a sì tẹ bọ́tìnnì kó lè kúrò. Bóyá bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ yẹn ni wọ́n kà sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ìyá mi gbádùn lẹ́yìn náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òru yẹn, n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè fún ìrànlọ́wọ́. Ohùn inú ẹ̀rọ ní kí n tẹ 1 fún èyí, kí n tẹ 2 fún tọ̀hún. Faransé náà ni. Mo tẹ 1. Wọ́n fi orin sí i. Orin náà parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè. Ẹni tó dá mi lóhùn níkẹyìn ní kí n lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Mo lọ. Mo jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ti parí, màmá. Wọn kò ní yọ ọ́ mọ́." Mo bi í pé, "Èyí tí wọ́n ti yọ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó kàn.

Owó zémíjàn tí mo fi lọ tí mo fi bọ̀ ju 150 náà lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà. Owó tí wọ́n mú kéré débi pé wíwá a yóò ná ni ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. 150 lọ́wọ́ mi, 150 lọ́wọ́ tìrẹ, 150 lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn: 150 000 fránkì nìyẹn, kò sì sí ẹni tó pariwo olè.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá dárúkọ ọ̀kan, ẹni tó ń lo èkejì yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Faransé ń pè é ní prépayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a ti sanwó kí a tó gba ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọjà wò ó. Bí mo bá fún aránṣọ ní owó lónìí, tí kò tíì rán aṣọ mi, ta ló jẹ gbèsè nínú àwa méjèèjì? Aránṣọ ni. Títí yóò fi gbé aṣọ fún mi, owó mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti fóònù rí. Láti ìgbà tí mo ti sanwó títí dìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán, àwọn ló jẹ mí. Wọ́n ń pè é ní kírẹ́dì. Kírẹ́dì sì ni àwìn. Ṣùgbọ́n àwa la ta àwìn fún wọn! Olówó ni wá, a sì ń bẹ ajigbèsè bí ẹni tí ń tọrọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ forfait. O san owó fún wákàtí 24, tàbí fún ọjọ́ méje. Bí àkókò náà bá pé, ohun tó kù ti lọ nìyẹn. Ká ní alájọ wa ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ká ní ó sọ pé, "O kò wá gba àjọ rẹ ní ọjọ́ Jímọ̀, nítorí náà owó rẹ ti kú." Gbogbo àdúgbò ni yóò yọ sí i. Kí ló dé tí a gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wọ tàì?

Àwíjàre wọn

Wọn yóò ní òpó gogoro tí wọ́n rì sílẹ̀ ná wọn lówó, àti epo tí wọ́n ń lò nígbà tí iná kò sí. Òótọ́ ni. Wọn yóò ní forfait rọjú nítorí pé ó ní àkókò. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́. Èmi kò sọ pé kí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ìlà bá kú fún wákàtí mẹ́ta nínú 24 tí mo rà, wákàtí 21 ni wọ́n tà fún mi. Kí wọ́n dá mẹ́ta padà.

Ẹlòmíràn yóò ní fóònù kì í ṣe oúnjẹ, kí ẹni tí kò bá lágbára fi sílẹ̀. Ẹ bi ẹni náà léèrè nípa ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Tógò dá ètò Novissi sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà láti ran àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró lọ́wọ́. Ní Lomé, owó obìnrin jẹ́ 12 250 fránkì lóṣù, ti ọkùnrin jẹ́ 10 500. Ibo ni owó náà gbà wọlé? Inú fóònù ni. Ẹni tí kò ní fóònù kò rọrùn fún láti rí i gbà. Ohun tí ìjọba fi ń bọ́ aláìní kì í ṣe ohun ìgbádùn.

Wọn yóò tún ní bí ilé iṣẹ́ kan kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ká lọ sí òmíràn. Òmíràn wo? Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú Togocel àti Télécel. Togocel ti di Togocom, ó sì di Yas ní ọdún 2024. Télécel ti di Moov. Orúkọ ń yí padà, àwọ̀ asíá ń yí padà, ṣùgbọ́n méjì náà ni wọ́n. Níbi tí ọlọ́jà bá ti jẹ́ méjì péré, oníbàárà kò ní ibi tí yóò sá lọ. Ó ní láti dúró kó sọ̀rọ̀.

Èdè wo ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀?

Èyí ló dùn mí jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti lọ sí kíláàsì lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ mọ a, b, d. Ẹ mọ nọ́ńbà. Ẹ lè ka lẹ́tà tí ọmọ yín kọ. Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀jíṣẹ́ nípa owó yín bá dé, ẹ ó tún gbé e fún ọmọ kékeré. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀wé. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò fẹ́ kí ẹ kà á.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí á ra nǹkan, wọn a máa gbé ìlù wá sí ẹ̀bá ọjà, wọn a sì fi èdè Éwé polówó. Ẹnu wọn gbọ́ èdè wa nígbà tí wọ́n ń gba owó. Kí ló dé tí ẹnu náà fi di nígbà tí a ní kí wọ́n dá owó padà?

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́

Ní Nàìjíríà, fóònù alágbèéká gbòde ní ọdún 2001. Bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, owó odidi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn oníbàárà fohùn ṣọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn sì pa fóònù wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, Glo dé, ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù tí wọ́n ń sọ pé kò ṣeé ṣe wá tẹ̀lé e.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ní ọdún 2018, ìjọba fi owó orí lé Facebook, WhatsApp àti irú wọn: 5 fránkì lórí megabyte kan. Àwọn ènìyàn kọ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba fagi lé e.

Nílé wa níbí, ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà ìwọ́de. Àwọn ẹgbẹ́ kan gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ CEDEAO. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ náà sọ pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin, ó sì ní kó san 2 000 000 fránkì fún àwọn olùpẹ̀jọ́. Bí a bá lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ìlà tó kú, ta ni olùtà kírẹ́dì tí a kò ní lè bi léèrè?

Ohun tí a ń bèèrè

1. Kí wọ́n má ṣe yọ owó ẹnikẹ́ni fún orin tàbí eré, àfi bí ẹni náà bá gbà ní èdè tó yé e.
2. Kí ohùn tí ń dáni lóhùn sọ Éwé, Kàbíyè àti àwọn èdè wa yòókù, títí kan Nàgó.
3. Bí ìlà bá kú, kí àkókò forfait dúró pẹ̀lú rẹ̀.
4. Kí wọ́n dá owó tí wọ́n ṣì yọ padà sínú fóònù, láìjẹ́ pé ènìyàn gun zémíjàn.

Ohun tí ìwọ náà lè ṣe

Ra ìwé kékeré kan. Nígbàkigbà tí o bá ra kírẹ́dì, kọ ọjọ́, wákàtí àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Kọ iye tó kù lẹ́yìn tí o pè. Nọ́ńbà kì í ṣe Faransé: 150 jẹ́ 150 ní èdè gbogbo. Bí owó bá sọ nù, má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Gbé ìwé rẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sì lọ ní márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ lọ sí ARCEP, ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù. Ó lágbára láti bu owó ìtanràn lé wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà tí ń jẹ́ ATC náà wà ní Lomé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣé nítorí kí a lè ka orúkọ wa nìkan la ṣe kọ́ ìwé? Rárá o. A kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ wá jẹ níṣojú wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Owó wa ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn.