Owó Àga Irin Kò Tó Owó Pósí

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ògbólógbòó ni a mú wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè ra ọkọ̀ titun, nítorí náà à ń tún ti àtijọ́ ṣe ní ẹ̀hìnkùlé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní 1975, ẹni tí ó ní sípánà àti sùúrù lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù àti rọ́bà abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé jìn. Láti Kánò dé Èkó tó bí 1,000 kìlómítà, ọmọ àti ẹrù a sì kún inú ọkọ̀ nígbà Iléyá àti Kérésì. Ẹ fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń fì sókè fì sódò, ṣọ́ọ̀kù ibẹ̀ ti kú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú dáradára, bíréèkì rẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó mú un dúró.

Àṣà mẹ́ta ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Èkíní ni pípààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ọ̀tún, ẹ pààrọ̀ ti òsì pẹ̀lú. Èkejì ni fífún nọ́ọ̀tù rọ́bà le nígbàtí táyà ṣì so lókè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí táyà rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà a lọ́, a sì ya láìpẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: wíwọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró lórí iyanrìn. Jáàkì lè rì, ó sì lè yẹ̀. Síprìńgì iwájú náà léwu. Ẹni tí ó bá tú nọ́ọ̀tù orí rẹ̀ láì kọ́kọ́ fi irin dè é mọ́lẹ̀, síprìńgì náà lè ta, kí ó sì pa á.

Àwọn kan yóò wí pé irinṣẹ́ wọ̀nyí wọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń dáwó láti gbé òkú lọ sílé, ṣé kò lè dáwó ra àga irin mẹ́rin àti irin tí a fi ń de síprìńgì, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa yá wọn lò? Àbá wa nìyí. Ẹ wá sí ìpàdé, kí a jọ fẹnu kò sí i.