Ẹ Jẹ́ Kí Fìlọ́sọ́fì Dé Ìpàdé Onílé

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ilé wó, fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà síbẹ̀. Kí eruku tó rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti gba orí fóònù kan: ilẹ̀ ló mì, bọ́ǹbù ni, gáàsì ni. Ẹni tí kò kúrò ní Challenge, ní apá ibòmíì nínú ìlú, ń ṣàlàyé bí ẹni tó wà níbẹ̀. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ṣèyí Mákindé, ló wá sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan. Ẹ̀mí lọ sí i, àwọn tó fara pa sì lé ní 70.

Ìbéèrè méjì ló kù nílẹ̀ lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí fóònù? Èkejì ló le jù: ṣé aládùúgbò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí mo kó sínú ilé tí mo fowó mi gbà?

Fìlọ́sọ́fì gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé gírámà ńlá tí wọ́n ń pè nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni. Ibẹ̀ náà ni Màmá Sophie Olúwọlé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ ní 1984, àmọ́ wọn ò fi í mọ sí ọgbà. Títí wọ́n fi papò dà ní 2018 ni wọ́n ń jà fún un pé àròjinlẹ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò wà nínú ẹsẹ Ifá. Nínú ìwé wọn ti 2014, Ọ̀rúnmìlà àti Socrates ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní ẹgbẹ́ ara wọn.

Irú àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìpàdé onílé àdúgbò wa l'Ágbowó, owó ọlọ́dẹ àti tiransifọ́mà la máa ń bá pariwo. Bẹ́nì kan bá béèrè irú iṣẹ́ tí ayálégbé kan ń ṣe, wọ́n á ní kó yé tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù: òfófó, àti kí a má lọ fura sí àlejò torí ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ògiri wó pa kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ewu. Ibo ni àṣírí onílé parí sí, ibo ni ààbò àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ìbàdàn, Agbowó ò ju títì kan lọ sí géètì yín. Ẹ wá jókòó tì wá nípàdé, kí ẹ sì fi Yorùbá bi wá ní irú ìbéèrè wọ̀nyí.